Kíkan Kọ́ Ni Oògùn: Ìtàn Lẹ́mọ́ọ̀nù àti Ọsàn Wẹ́wẹ́

Ẹ mú lẹ́mọ́ọ̀nù kan sọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ mú ọsàn wẹ́wẹ́ kan sọ́wọ́ òsì. Lẹ́mọ́ọ̀nù pọ́n bí ìyeyè, orí àti ìdí rẹ̀ yọ ṣóńṣó díẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ kéré sí i, ó rí roboto, ó sì tutù bí ewé. Ẹ la méjèèjì, ẹ fún omi wọn sẹ́nu. Bí ojú yín yóò ti fún pọ̀ fún ti àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò fún pọ̀ fún ti èkejì, bóyá ti ọsàn wẹ́wẹ́ á tilẹ̀ le jù díẹ̀. Ta ni yóò wá sọ pé ohun kan náà kọ́ ni wọ́n? Ìyá tó ń ta ọsàn lọ́jà pàápàá, bí ọ̀kan bá tán lórí àtẹ rẹ̀, èkejì ni yóò nà sí yín: "Ẹ mú eléyìí, oníbàárà mi, ọ̀kan náà ni wọ́n."

Ọ̀rọ̀ "ọ̀kan náà ni wọ́n" yìí ti pa ènìyàn rí. Kì í ṣe ẹnu ìyá ọlọ́sàn ló ti jáde nígbà náà o. Ẹnu àwọn ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, nígbà tí kò sí orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ ogun rẹ̀ tó tiwọn láyé. Wọ́n ní oògùn kan lọ́wọ́ tó ti gbà wọ́n lọ́wọ́ àrùn burúkú fún ọgọ́ta ọdún ó lé. Wọ́n wá fi òmíràn tó jọ ọ́ rọ́pò rẹ̀. Àrùn tí wọ́n ti sin jí dìde, ó sì lé ní ogójì ọdún lẹ́yìn náà kí wọ́n tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ẹ fara balẹ̀, kí n sọ bó ṣe jẹ́.

ÀRÙN ORÍ OMI

Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe àrùn náà ni scurvy. A ó máa pè é ní sìkọ́fì. Kì í sábà mú ẹni tó jókòó sílé tó ń jẹ ẹ̀fọ́ àti èso. Àwọn atukọ̀ ló ń mú, àwọn tó wà lójú òkun fún oṣù mẹ́ta, mẹ́rin, tí wọn kò rí nǹkan jẹ ju bisikíìtì líle, ẹran oníyọ̀ àti ẹ̀wà gbígbẹ lọ. Bí ọ̀lẹ ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Ara á wúwo, ènìyàn á kàn máa wá ibi tí yóò jókòó sí. Lẹ́yìn náà ni ẹran tó di eyín mú á wú, á dúdú, á máa ṣẹ̀jẹ̀, á sì máa rùn. Eyín á bẹ̀rẹ̀ sí í mì, á máa bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ á dì sábẹ́ awọ ẹsẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi kùmọ̀ lù. Níkẹyìn, onítọ̀hún á ní kóun dìde lórí ibùsùn, á ṣubú lulẹ̀, ó parí.

Nígbà tí Vasco da Gama, ará Potogí, kúrò ní Lisbon ní 1497 láti wá ọ̀nà India lórí omi, ju ìdajì àwọn tó bá a lọ ni kò padà délé, sìkọ́fì ló sì pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ní 1740, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán George Anson jáde pẹ̀lú nǹkan bí 1,900 ọkùnrin láti lọ bá Sípéènì jà ní ìhà kejì ayé. Nígbà tó fi máa padà ní 1744, ó ti lé ní 1,300 tó ti kú. Ẹ mọ iye tí ọwọ́ ọ̀tá pa nínú wọn? Mẹ́rin péré! Sìkọ́fì ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù lọ. Ọkùnrin kan wà nínú wọn tó ti gba ọgbẹ́ lójú ogun Boyne ní Ireland ní 1690. Àádọ́ta ọdún ti kọjá lórí ọgbẹ́ ọ̀hún, ó ti jinná pátápátá. Nígbà tí sìkọ́fì mú un, ojú ọgbẹ́ náà tún ya bí ẹni pé àná ni wọ́n ṣá a, eegun rẹ̀ tó ti so pọ̀ tún pínyà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkùnrin yìí sọ́kàn, a ó tún padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ Òyìnbó nìkan ni. Àwọn Potogí ní orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pe àrùn yìí, "àrùn Luanda" ni wọ́n ń pè é, nítorí Luanda ní Àǹgólà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èbúté tí wọ́n ti ń kó ẹrú lọ sí Brazil. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ náà ló kó àwọn ènìyàn tiwa láti Ouidah, Àgbádárìgì àti Èkó lọ sí Bahia àti Cuba. Òkun kan náà ni, oúnjẹ burúkú kan náà ni, àfi pé wọ́n tún fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ kún ti àwọn tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀.

ỌKÙNRIN MÉJÌLÁ INÚ ỌKỌ̀ SALISBURY

James Lind, ọmọ Edinburgh, ni dókítà inú ọkọ̀ ogun kan tí wọ́n ń pè ní Salisbury. Ní Oṣù Karùn-ún 1747, ó ṣa ọkùnrin méjìlá tí sìkọ́fì ń ṣe, ó kó wọn sójú kan, ó ń fún wọn lóúnjẹ kan náà, ó wá pín wọn ní méjì méjì sí ọ̀nà mẹ́fà. Ó fún àwọn méjì àkọ́kọ́ ní ọtí èso ápù. Ó fún méjì ní ásíìdì tí wọ́n ti fi omi là, ó fún méjì ní ọtí kíkan, ó fún méjì ní omi òkun mu. Ó po ááyù àti hóró músítádì pọ̀ mọ́ nǹkan mìíràn fún méjì. Àwọn méjì tó kù ń jẹ ọsàn dídùn méjì àti lẹ́mọ́ọ̀nù kan lójúmọ́.

Ọjọ́ mẹ́fà péré ni èso náà fi tán nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ mẹ́fà náà tó pé, ọ̀kan nínú àwọn tó ń jẹ ọsàn ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Èkejì gbádùn débi tí wọ́n fi ní kó máa tọ́jú àwọn tó kù. Ti àwọn ọlọ́tí ápù sàn díẹ̀. Ti àwọn yòókù, ibi tí wọ́n wà náà ni wọ́n wà.

Ẹ ó rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Lind kọ ìwé ní 1753, ìwé náà sì lé ní irínwó ojú ewé, àmọ́ ìwọ̀nba ìpínrọ̀ díẹ̀ ló fi sọ ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin méjìlá yìí, ó wà láàárín ìwé níbi tí ẹni tó ń kánjú yóò ti ṣí i kọjá. Lind fúnra rẹ̀ kò gbà pé ohun kan ṣoṣo ló ń fa àrùn náà. Ó ka ọ̀rinrin àti afẹ́fẹ́ tí kò mọ́ mọ́ ọn. Èyí tó tún wá bà á jẹ́ pátápátá ni pé, nítorí èso kì í pẹ́ bàjẹ́, ó ní kí wọ́n máa fún omi ọsàn sínú àwo, kí wọ́n gbé e ka orí omi gbígbóná fún ọ̀pọ̀ wákàtí títí yóò fi ki, kí wọ́n wá rọ ọ́ sínú ìgò. Ó ní ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Òótọ́ ni, ó wà. Ṣùgbọ́n iná ti jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń woni sàn nínú rẹ̀. Àwọn atukọ̀ ń mu ún, àrùn kò lọ, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọ̀rọ̀ ọsàn yìí, àsọdùn ni.

GÚÁFÀ TÍ KÒ TÍÌ PỌ́N

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù rèé, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe tí mò ń sọ ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 1783, dókítà ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Thomas Trotter wọ ọkọ̀ ẹrú kan tí wọ́n ń pè ní Brookes. Ọkọ̀ yìí ni wọ́n ya àwòrán rẹ̀ ní 1788, àwòrán tí wọ́n ti to ènìyàn bí ẹja sínú agolo, tí àwọn tó ń jà láti fòpin sí òwò ẹrú gbé káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Etí òkun Gold Coast, ìyẹn Ghana òde òní, ni wọ́n ti kó ju 600 ènìyàn sínú rẹ̀ lọ́dún tí Trotter wà níbẹ̀. Sìkọ́fì bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Nígbà tí wọ́n dé àwọn erékùṣù West Indies, wọ́n rí gúáfà àti ọsàn wẹ́wẹ́ rà. Trotter wá ṣàkíyèsí nǹkan kan: àwọn ẹrú tí àrùn náà ń ṣe kì í fẹ́ mú gúáfà tó ti pọ́n. Èyí tó ṣì tutù, tó le, tó sì kan, ni wọ́n ń ṣà jẹ.

Ó ní kí òun wádìí ẹ̀. Ó mú mẹ́sàn-án nínú wọn. Ó fún mẹ́ta ní ọsàn wẹ́wẹ́, ó fún mẹ́ta ní gúáfà tí kò tíì pọ́n, ó fún mẹ́ta ní gúáfà tó ti pọ́n. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn mẹ́fà àkọ́kọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbádùn tán. Àwọn tó ń jẹ gúáfà pípọ́n kò yí padà tó bẹ́ẹ̀.

Kí ni Trotter rí fà yọ níbẹ̀? Ó ní: ohun tó kan ló ń woni sàn, bí èso bá ti dùn, agbára rẹ̀ ti lọ. Lójú ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́, ó mọ́gbọ́n dání. Ṣùgbọ́n ènìyàn mẹ́ta mẹ́ta fún ọ̀sẹ̀ kan kéré láti fi dájọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ tó sì dá kò tọ́. Lónìí tí ẹ̀rọ ti wà tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, gúáfà tó pọ́n dáadáa wà lára àwọn èso tí oògùn sìkọ́fì pọ̀ sí jù láyé. Kíkan kọ́ ni oògùn rẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ti wọ orí àwọn dókítà, kò sì tètè jáde.

Trotter fúnra rẹ̀ kò padà sínú ọkọ̀ ẹrú mọ́. Ní 1790, ó dúró níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì, ó jẹ́rìí sí ohun tí ojú rẹ̀ rí nínú Brookes.

ṢÍBÍ KAN ÀBỌ̀ LÓJÚMỌ́

Ní 1794, ọkọ̀ ogun Suffolk lọ sí India láìyà ní èbúté kankan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlélógún ni wọ́n lò lórí omi. Wọ́n ń fún atukọ̀ kọ̀ọ̀kan ní omi lẹ́mọ́ọ̀nù díẹ̀ lójoojúmọ́, wọ́n fi ṣúgà sí i, wọ́n dà á mọ́ ọtí rọ́ọ̀mù tí wọ́n ti bu omi là. Sìkọ́fì kò pa ẹyọ ẹnì kan. Ní 1795, nípa akitiyan dókítà Gilbert Blane, àṣẹ jáde pé kí wọ́n máa fún gbogbo ọmọ ogun ojú omi ní omi lẹ́mọ́ọ̀nù. Iye rẹ̀ kò ju ṣíbí ńlá kan àbọ̀ lójúmọ́. Wọn kò gbé e kaná, ọtí díẹ̀ ni wọ́n ń dà lé e lórí kó má baà bàjẹ́.

Láti 1795 títí di 1814, ó lé ní mílíọ̀nù kan àbọ̀ gálọ́ọ̀nù tí wọ́n pín. Ilé ìwòsàn Haslar, níbi tí Lind ti ṣe ọ̀gá dókítà rí, gba ju ẹgbẹ̀rún alárùn sìkọ́fì lọ ní 1780 nìkan. Nígbà tó fi máa di 1806, wọn kò rí ju ọ̀kan tàbí méjì lọ. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wá lè dúró sójú òkun fún oṣù mẹ́fà, kó máa ṣọ́ èbúté Faransé, láìsí pé atukọ̀ ń ṣubú. Àwọn kan sọ pé lẹ́mọ́ọ̀nù bá Nelson ja ogun Napoleon, n kò sì rò pé wọ́n parọ́.

Ibo ni lẹ́mọ́ọ̀nù náà ti ń wá? Sicily àti Malta ni, lójú òkun Mediterranean. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyẹn náà sọ́kàn.

WỌ́N FI ÀBÚRÒ RỌ́PÒ Ẹ̀GBỌ́N

Ní nǹkan bí ọdún 1860 sókè, àwọn aláṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé: kí ló dé tí a ń ra lẹ́mọ́ọ̀nù lọ́wọ́ àjèjì nígbà tí ọsàn wẹ́wẹ́ kún ilẹ̀ tiwa ní West Indies? Owó á wà nínú ilé, àwọn alóko wa á jèrè. Wọ́n gbé omi ọsàn méjèèjì fún àwọn onímọ̀ láti wọ̀n. Ṣé ẹ rántí Trotter? Kíkan ni wọ́n wọ̀n! Wọ́n rí i pé omi ọsàn wẹ́wẹ́ kan tó ti lẹ́mọ́ọ̀nù, pé ó tilẹ̀ lè kan jù ú lọ. Wọ́n ní ó ti tán, kò séwu.

Èdè tún wá dá kún un. Láti ayébáyé ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń da orúkọ àwọn èso méjèèjì pọ̀. Omi lẹ́mọ́ọ̀nù ni atukọ̀ ń mu, "omi ọsàn wẹ́wẹ́" ni ọ̀pọ̀ ń pè é. Nígbà tí ohun tó wà nínú ìgò yí padà lóòótọ́, orúkọ kò yí padà, ta ni yóò wá fura? Ní 1867, òfin jáde pé kí àwọn ọkọ̀ oníṣòwò náà máa fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn mu. Ibẹ̀ ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti rí orúkọ tí wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì títí dòní, "limey", ìyẹn ni pé ọlọ́sàn wẹ́wẹ́.

Kí ló dé tí òkú kò fi bẹ̀rẹ̀ sí í sùn lójú ẹsẹ̀? Ọkọ̀ oníná ni. Ìgbà náà ni ọkọ̀ tó ń fi ooru rìn ń gba ojú òkun lọ́wọ́ ọkọ̀ onígbòkun. Ìrìn oṣù mẹ́ta di ti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, atukọ̀ ń dé èbúté lemọ́lemọ́, ó ń jẹ ẹ̀fọ́ tútù àti ẹran tútù. Ẹ̀fọ́ èbúté ló ń ṣọ́ ọ, ọsàn inú ìgò ló ń gba ọpẹ́. Bí ìlẹ̀kùn tí kò ní kọ́kọ́rọ́ ni. Ẹni tó ni ín kò ní mọ̀, àfi lálẹ́ tí olè bá dé.

LÓRÍ YÌNYÍN

Olè dé ní 1876. Ọdún tó ṣáájú ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ méjì, Alert àti Discovery, lọ sí òpin ayé níhà àríwá, níbi tí omi òkun ti dì gbagidi. George Nares ni olórí wọn. Wọ́n múra dáadáa, omi ọsàn wẹ́wẹ́ wà nínú ọkọ̀ bí ẹní máa fi wẹ̀. Nígbà tí òtútù dín, wọ́n pín ara wọn láti máa fa ẹrù gba orí yìnyín lọ, lórí irú ọmọlanke kan tí kò ní táyà. Ikọ̀ tí Albert Markham darí lọ jìnnà ju ibi tí ẹ̀dá kankan dé rí nígbà náà lọ, ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà ni ẹsẹ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ lẹ́nu wọn. Nígbà tó yá, àwọn tó le díẹ̀ ló ń fi ọmọlanke fa àwọn tí kò lè rìn. Lieutenant Parr ló dá nìkan rìn lọ sínú ọkọ̀ láti pe ìrànlọ́wọ́. Nínú nǹkan bí 120 ènìyàn tó wà nínú ọkọ̀ méjèèjì, bí 60 ni sìkọ́fì mú. Nares ní kí wọ́n máa padà sílé.

Ariwo ta ní London. Ìgbìmọ̀ jókòó ní 1877, wọ́n sì dá Nares lẹ́bi pé kò jẹ́ kí àwọn tó lọ sórí yìnyín gbé omi ọsàn dání. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin yìí ti ń mu omi ọsàn náà lójoojúmọ́ ní gbogbo ìgbà òtútù! Kò pẹ́ púpọ̀ tí àwọn dókítà fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí ohùn padà. Wọ́n ní bí omi ọsàn kò bá ran àwọn yẹn lọ́wọ́, a jẹ́ pé kò sí oògùn nínú ọsàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní májèlé inú ẹran agolo tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ ló ń fa sìkọ́fì. Ẹ wò ó bí ìmọ̀ ṣe ń padà sẹ́yìn! Ohun tí Lind fi ọjọ́ mẹ́fà rí ní 1747, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ sọ ọ́ nù. Nígbà tí Captain Scott lọ sí òpin ayé níhà gúúsù láti 1901 dé 1904, ẹran agolo ni wọ́n ń fura sí, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Sìkọ́fì mú wọn bó ti wù ó rí ní 1902. Ẹran tútù ara ẹranko òkun tí wọ́n ń pa níbẹ̀ ló yọ wọ́n.

ÀWỌN OBÌNRIN LONDON

Ní 1907, Axel Holst àti Theodor Frølich ní ilẹ̀ Norway ń fi hóró ọkà nìkan bọ́ ẹranko kékeré kan tí wọ́n ń pè ní guinea pig, tó jọ ẹmọ́ tí kò ní ìrù. Sìkọ́fì mú un. Oríire ńlá lèyí, nítorí ewúrẹ́, ajá àti eku ń ṣe oògùn àrùn náà nínú ara wọn fúnra wọn. Ènìyàn, ọ̀bọ àti guinea pig wà lára àwọn tí kò lè ṣe é. Ìgbà yìí ni ọ̀nà ṣẹ̀ṣẹ̀ là tí ènìyàn lè fi mọ èso tó lágbára àti èyí tí kò lágbára láìdúró dìgbà tí atukọ̀ bá kú.

Ogun Àgbáyé Kìíní ló mú kí wọ́n lo ọ̀nà náà. Ní Mesopotamia, tí à ń pè ní Iraq lónìí, sìkọ́fì dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun India tó ń jà fún Gẹ̀ẹ́sì dùbúlẹ̀, omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń kó ránṣẹ́ kò sì kápá rẹ̀. Ní ilé ìwádìí Lister ní London, àwọn obìnrin ló kù nídìí iṣẹ́ náà: Harriette Chick, Margaret Hume àti Ruth Skelton. Wọ́n fi oúnjẹ tí yóò fa sìkọ́fì bọ́ àwọn guinea pig àti ọ̀bọ, wọ́n wá ń fún àwọn kan ní omi lẹ́mọ́ọ̀nù, àwọn kan ní omi ọsàn wẹ́wẹ́, wọ́n ń ka iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nílò kó tó yè. Ní 1918, wọ́n gbé èsì jáde: omi ọsàn wẹ́wẹ́ tuntun tí wọ́n lò kò ní ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin agbára omi lẹ́mọ́ọ̀nù tuntun. Èyí tó ti pẹ́ nínú ìgò kò wúlò rárá.

Obìnrin kẹrin, Alice Henderson Smith, kò fọwọ́ kan ẹranko. Inú ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́ ló wọ̀. Òun ló fi hàn pé "omi ọsàn wẹ́wẹ́" tó gba àwọn ọmọ ogun ìgbà Nelson là, lẹ́mọ́ọ̀nù ni, àti pé ìgbà tí wọ́n kúrò ní Mediterranean lọ sí West Indies ni àánú ti kúrò nínú ìgò. Ní ọdún méjìlélógójì lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn Nares ṣubú lórí yìnyín!

ỌKÙNRIN TÍ KÒ FẸ́ JẸ TÀTÀṢÉ

Kí wá ni oògùn náà gan-an? Albert Szent-Györgyi, ọmọ ilẹ̀ Hungary, ló rí i, ohun tó sì kọ́kọ́ ń wá kì í ṣe sìkọ́fì. Ohun tó ń yà á lẹ́nu ni pé bí ènìyàn bá la ápù tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀, yóò dúdú, ṣùgbọ́n lẹ́mọ́ọ̀nù kì í dúdú. Ní 1928, ó rí èròjà kan tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tètè ba nǹkan jẹ́. Nígbà tó di 1932, òun àti àwọn mìíràn ní Amẹ́ríkà fi hàn pé èròjà yìí gan-an ni oògùn sìkọ́fì: fítámì C. Ìṣòro tó kù ni bí yóò ṣe rí púpọ̀ rẹ̀ kó jọ. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ pé lálẹ́ ọjọ́ kan, nílùú Szeged, ìyàwó òun gbé tàtàṣé fún òun, kò wu òun jẹ, òun kò sì fẹ́ kó di ìjà, ni òun bá ní òun ń gbé e lọ yẹ̀ wò níbi iṣẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti mọ̀ pé ìṣúra lòun gbé dání. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1937.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ fítámì yìí bó ṣe yé mi. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí náà ló ń mú kí ọ̀bẹ dógùn-ún, òun ló ń mú kí òróró kan; ó ń ṣe irú ẹ̀ nínú ara náà. Fítámì C dà bí ẹ̀gbọ́n tó ń na ẹ̀yìn gba ẹgba tó yẹ kó ba àbúrò. Afẹ́fẹ́ á nà án, yóò fi ara tirẹ̀ dí i, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á yè. Nítorí náà ni kì í fi í pẹ́ nínú ìgò. Bí ẹ bá tú omi ọsàn sílẹ̀, tí afẹ́fẹ́ àti oòrùn ń bá a jà, tí wọ́n gbà á kọjá nínú páìpù bàbà tó máa ń mú ìbàjẹ́ yá, yóò gba ẹgba títí yóò fi tán. Kíkan á ṣì wà níbẹ̀ digbí, torí èròjà mìíràn ló ń jẹ́ kí ọsàn kan.

Fítámì yìí kan náà ni ara fi ń hun okùn tó so ẹran, awọ àti eegun pọ̀. Ojúlówó okùn náà ló wà lójú àpá, ojoojúmọ́ sì ni ara ń tún un hun. Ẹ rántí bàbá tó gba ọgbẹ́ ní 1690. Nígbà tí fítámì C tán nínú ara rẹ̀, kò sí ohun tí wọ́n máa fi tún okùn náà hun mọ́, ni àpá àádọ́ta ọdún bá tú. Láti 1944 sí 1946, àwọn ọkùnrin kan tí ẹ̀rí ọkàn wọn kò jẹ́ kí wọ́n jagun yọ̀ǹda ara wọn ní Sheffield kí wọ́n fi oúnjẹ tí kò ní fítámì yìí dán wọn wò. Ọgbẹ́ tí wọ́n dá sí àwọn tí kò rí i jẹ lára kò jinná dáadáa mọ́. Ohun tó sì gbà wọ́n kò ju mílígíráàmù 10 lójúmọ́ lọ, ìyẹn ni pé ọsàn dídùn kan ti tó fún ọjọ́ mélòó kan.

TIWA ŃKỌ́?

Lónìí, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fi ahọ́n wọn èso mọ́. Nínú gíráàmù 100, omi ọsàn dídùn tuntun ní nǹkan bí mílígíráàmù 50 fítámì C, omi lẹ́mọ́ọ̀nù bí 39, omi ọsàn wẹ́wẹ́ bí 30. Ẹ ò rí i pé èyí tó dùn jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní jù? Rásíbẹ́rì tí àwọn Òyìnbó ń gbé gẹ̀gẹ̀ ní bí 26. Tàtàṣé pípọ́n tí iná kò tíì kàn ju 120 lọ, gúáfà pípọ́n sì ju 200 lọ! Kódà irú èso kan náà kì í dọ́gba: ẹ̀yà rẹ̀, oko tó ti wá àti bó ṣe pẹ́ tó lẹ́yìn kíká ló ń pinnu. Ìdí nìyẹn tí ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n wọ̀n lóde òní fi sàn ju èyí tí àwọn obìnrin London lò lọ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má torí ìtàn yìí sọ ọsàn wẹ́wẹ́ rẹ̀ nù. Ọsàn kò ṣẹ̀. Tuntun rẹ̀ dára. Àwọn tó fún un pamọ́ fún oṣù pípẹ́, tí wọ́n ní ó ti tó gẹ́gẹ́ bíi lẹ́mọ́ọ̀nù, ni wọ́n ṣẹ̀.

Bí ẹ bá tún rí ìgò olómi ọsàn lórí káńtà, tó pọ́n, tó kan, tí wọ́n ya èso tútù mọ́ ara rẹ̀, ẹ bi í ní ìbéèrè tí ilé iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kò bi tiwọn: kí ló wà nínú rẹ, ìgbà wo ni wọ́n fún ọ, ṣé wọ́n gbé ọ kaná? Gúáfà tí ìyá yẹn kó sínú agbọ̀n létí títì, tí ọ̀pọ̀ wa ń fojú oúnjẹ ọmọdé wò, kò nílò ìbéèrè kankan.

Bí mo bá sì ń ronú lórí gbogbo àwọn dókítà inú ìtàn yìí, àwọn mẹ́sàn-án inú ọkọ̀ Brookes ló máa ń padà sí mi lọ́kàn. Kí dókítà tó ronú àtiyẹ èso wò, àwọn tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ yẹn ti ń fi ọwọ́ ara wọn ṣà á. Trotter rí ọwọ́ wọn, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ìtumọ̀ tó fún un ni kò tọ̀nà, àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ kò sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì.